Gáùn Aláwọ̀ Ewé àti Abẹ́rẹ́ Ọjọ́bọ̀

Gáùn kan wà nínú àpótí aṣọ mi tí gbogbo ìjọ wa ní Mówè mọ̀ ju bí wọ́n ṣe mọ èmi fúnra mi lọ. Ańkárá ni, aláwọ̀ ewé, ó ní òdòdó funfun kéékèèké lára. Èmi ni mo ra aṣọ rẹ̀, èmi ni mo gbé e lọ sọ́dọ̀ télọ̀, lọ́jọ́ tí mo sì kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, mo wo dígí, mo ní obìnrin yìí mà dáa o. Ẹni tó bá rí gáùn náà lónìí, ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ pa á. Mi ò ní purọ́ fún yín, inú ṣì ń bí mi.

Mo sanra. Kì í ṣe pé mo "ní ara díẹ̀", kì í ṣe pé "ìgbádùn ló wọ̀ mí lára" bí àwọn èèyàn ṣe máa ń sọ ọ́ kó lè dùn létí. Mo sanra débi pé bí mo bá dé ibi tí kẹ̀kẹ́ ti ń gbé èrò wọ àdúgbò wa, awakọ̀ á wo ojú mi, á wo ìdí mi, á ní, "Mọ́mì, ẹ máa san ti ẹni méjì o." Kò ní rẹ ohùn sílẹ̀. Àwọn tó ti jókòó á máa fà sẹ́yìn bí ẹni pé mo fẹ́ jókòó lé wọn lórí. Ilé ìwé aládàáni kan ní Ìbàfò ni mo ti ń ṣe tíṣà, òkè pátápátá sì ni kíláàsì mi wà. Láràárọ̀ ni mo máa ń dúró ní agbedeméjì àtẹ̀gùn, màá ṣe bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú báàgì, kí àwọn ọmọ má baà mọ̀ pé èémí ni mò ń wá. Orúnkún ń dùn mí. Ìfúnpá mi ga. Bí mo bá sùn, èémí mi á kàn dá dúró. Ọkọ mi ló sọ fún mi, ó ní ìgbọ̀nwọ́ lòun fi máa ń gún mi kí n tó mí padà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé ṣe ni kí n dín oúnjẹ kù. Gbogbo ẹni tí èékánná rẹ̀ ò tóbi tó tèmi ló ti sọ ọ́. Mo ti gba ààwẹ̀ gbọọrọ tí ìjọ wa máa ń gbà níbẹ̀rẹ̀ ọdún, mo gbà á tán láìbu omi sẹ́nu. Mo ti mu tíì tí wọ́n ń polówó nínú bọ́ọ̀sì lójú títì márosẹ̀, èyí tó jẹ́ pé ilé ìgbẹ́ ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sùn. Mo ti rìn títí bàtà mi fi jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ara náà á lọ, á tún padà, tó bá sì ń padà bọ̀, á mú ẹbí rẹ̀ dání.

Dókítà obìnrin kan ní Èkó lẹni àkọ́kọ́ tó bá mi sọ̀rọ̀ láìfi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Àìsàn ni, mà. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe wọ̀bìà." Ó ní abẹ́rẹ́ kan wà, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni, èmi fúnra mi ni màá máa gún un sí ikùn. Ó wá tẹjú mọ́ mi. "Kì í ṣe oògùn tí a ń lò tán o. Bí èèyàn ṣe ń lo oògùn ìfúnpá lẹ máa lò ó. Tẹ́ ẹ bá dá a dúró, ebi yẹn á padà, ara yẹn náà á sì padà." Ọkọ mi jókòó tì mí nígbà tó ń sọ ọ́. Ó mi orí pé òun gbọ́. Òun ló tiẹ̀ béèrè bí a ó ṣe tọ́jú ẹ̀ nígbà tí iná àdúgbò wa kì í dúró, dókítà sì ní tí kò bá síná, ká fi sínú fúláàsìkì pẹ̀lú yìnyín díẹ̀, ká ṣáà ti rí i pé kò dì. Ẹ bá mi fi èyí sọ́kàn: ọkọ mi wà níbẹ̀, etí ẹ̀ méjèèjì ló fi gbọ́.

Ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ò rọrùn. Bí aládùúgbò bá gbé epo kaná lásán, èébì á gbé mi. Ìgbẹ́ á há, orí á máa fọ́ mi. Àmọ́ lọ́jọ́ kan, mo bu ìrẹsì, mo jẹ ẹ́ dé ìdajì, mo lọ gbé aṣọ tí mo sá, ìgbà tí mo padà wọlé ni mo rí ìyókù ìrẹsì lórí tábìlì. Mo ti gbàgbé ẹ̀. Èmi! Mo gbàgbé oúnjẹ! Látìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé, ohùn kan wà nínú mi tó máa ń sọ̀rọ̀ oúnjẹ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, bí mo bá ń jẹ ẹ̀bà lọ́wọ́, á ti máa bi mí léèrè ohun tí a ó jẹ lẹ́yìn ẹ̀bà. Ohùn yẹn dákẹ́. Mo jókòó sórí àpótí ní kíṣìnì, mo bú sẹ́kún. Àṣé báyìí ni àwọn tó ń bú mi ṣe ń gbé ilé ayé láti ọjọ́ yìí wá. Àṣé wọn ò bá ohunkóhun jà, wọ́n sì ń bú èmi tí mò ń jà látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ abẹ́rẹ́ mi. Díẹ̀díẹ̀, ara bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́. Mo gun àtẹ̀gùn ilé ìwé dókè láìdúró. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ gba owó ẹni kan lọ́wọ́ mi, wọn ò sọ nǹkan kan. Mò ń sùn, ọkọ mi náà ń sùn. Gáùn aláwọ̀ ewé wá ń ṣe wọ̀lọ̀wọ̀lọ̀ lára mi, mo ká a, mo tì í sísàlẹ̀ àpótí.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ọkọ mi ṣe.

Ọjọ́ Ìsinmi tó bá ṣáájú nínú oṣù ni ọjọ́ ìdúpẹ́ nínú ìjọ wa. Bó o bá fẹ́ jẹ́rìí, wàá mú àmì dání, ohun tí ojú lè rí. Ẹni tó rí iṣẹ́ á mú ìwé ìgbanisíṣẹ́, ẹni tó ra mọ́tò á mi kọ́kọ́rọ́ sókè, ẹni tó bímọ á gbé ọmọ. Ẹ̀rí tí kò bá lámì, àmín tútù ni wọn máa ń ṣe sí i. Ọkọ mi ni olórí àwọn ọ́ṣà tó ń fi èèyàn sí ìjókòó. Kò sọ nǹkan kan fún mi nílé. Ohùn ẹ̀ ni mo kàn gbọ́ nínú makirofóònù, tí mo gbójú sókè, ó ń fa gáùn mi yọ nínú ọ̀rá dúdú.

Ó pe ọ̀kan nínú àwọn ọmọ abẹ́ ẹ̀, wọ́n di gáùn mú lápá ọ̀tún àti lápá òsì, wọ́n nà án bí ìgbà tí èèyàn méjì bá fẹ́ ká aṣọ ìbùsùn. "Ẹ wo ohun tí Ọlọ́run bọ́ kúrò lára ìyàwó mi!" Ilé mì tìtì. Bí wọ́n ṣe rí i pé ariwo náà dùn, àwọn méjèèjì rá pálá wọnú gáùn ọ̀hún, géńdé ọkùnrin méjì, orí wọn jáde lọ́rùn aṣọ kan ṣoṣo. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín dé ilẹ̀. Ọkọ mi wá nawọ́ sókè, ó ní, "Ààwẹ̀ àti àdúrà ni o! A ò lo oògùn kankan!" Pásítọ̀ ní kí n dìde, kí n yí po kí wọ́n rí mi. Mo yí po bí àgbò tí wọ́n fẹ́ ná. Ojú tì mí débi tí etí mi fi ń hó.

Nígbà tí a délé, mo bi í, mo ní, "Kí ló dé tẹ́ ẹ fi sọ pé a ò lo oògùn?"

"Ta ló fún àwọn tó ṣe abẹ́rẹ́ lọ́gbọ́n? Ṣé kì í ṣe Ọlọ́run ni?"

"Ẹ̀ bá sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn nígbà náà."

"Kò ní yé wọn. Ẹ̀rí á kàn dàrú ni."

Ìyá ọkọ mi ń gbé ní Ìbàfò, ìjọ kan náà la sì ń lọ. Obìnrin tó tóbi ni, ọ̀pá ló fi ń rìn nítorí orúnkún. Ọ̀dọ̀ wa ló máa ń jẹun sí tí a bá jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì máa ń sùn mọ́jú ọjọ́ Ajé. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan lẹ́yìn ẹ̀rí yẹn, ó ṣí fíríìjì pé òun fẹ́ mu omi tútù, ó bá abẹ́rẹ́ mi pàdé.

"Ìyàwó mi, kí lèyí?"

Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé. Kò jẹ́ kí n dé ìdajì. "Ẹni tí Ọlọ́run ti tú sílẹ̀, kí ló tún ń fi abẹ́rẹ́ wá kiri? Ṣé o fẹ́ sọ ọmọ mi di òpùrọ́ lójú ìjọ ni?" Mo wo ọmọ ẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n lòun ń wò ní tiẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá ti lọ kí n tó ti ilé ìwé dé. Ojú fèrèsé kíṣìnì ni mo ti bá abẹ́rẹ́ mi, gbogbo èyí tí màá lò lóṣù yẹn, oòrùn ti ń ta á láti àárọ̀. Nígbà tí mo pè é lórí fóònù, ó ní, "Mi ò jù ú nù o! Mo kàn gbé e kúrò láàárín oúnjẹ ni." Mo fọwọ́ kàn án, ó gbóná bí ẹyin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sè. Ó ti bàjẹ́. Ọkọ mi wò ó, ó ní, "Bóyá ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣebí o ti rí bó o ṣe fẹ́ rí. Ó ti tó." Àwa méjèèjì la jọ ń dá owó abẹ́rẹ́ náà, láti ọjọ́ yẹn kò mú tiẹ̀ wá mọ́. Owó tíṣà nìkan kò lè gbé e.

Ohùn yẹn padà. Kò ké gbàjarè. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo kàn jí, mo ń ro búrẹ́dì. Lọ́jọ́ kejì, búrẹ́dì àti ẹ̀wà. Síìpù kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ mí lẹ́nu, lẹ́yìn náà bọ́tìnnì. Mò ń jẹun díẹ̀, mò ń sunkún, mò ń sanra. Ó di àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan tí kò sí aṣọ tó gbà mí mọ́, àfi gáùn aláwọ̀ ewé. Mo wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ṣé ẹ mọ bó ṣe rí kí èèyàn wọ aṣọ tí ọkùnrin méjì ti fi ṣeré níwájú ìjọ, kí aṣọ náà sì fún un pinpin? Mo ń gbọ́ wọn lẹ́yìn mi. "Gáùn ọjọ́sí kọ́ nìyẹn?" "Ó ti sọ ẹ̀rí nù." Pásítọ̀ pe àwọn tí ọ̀tá ti jí ẹ̀rí wọn gbé jáde, ọkọ mi fúnra ẹ̀ ló fà mí lọ́wọ́ lọ síwájú. Wọ́n gbé makirofóònù sí mi lẹ́nu, wọ́n ní kí n sọ ohun tí mo ṣe tí mo fi ṣílẹ̀kùn fún ọ̀tá. Kí ni kí n sọ? Ẹni tó ṣí ilẹ̀kùn fíríìjì jókòó ní ìlà kejì, àmín tiẹ̀ ló ròkè jù. Mo dijú, mo yí ẹnu kúrò lára makirofóònù. Wọ́n ní ẹ̀mí tó wà nínú mi lágídí.

Ní ilé ìwé, àtẹ̀gùn tún ga. Ìyá tó ni ilé ìwé náà pè mí sí ọ́fíìsì, ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. "Àǹtí, a ò ní kíláàsì nísàlẹ̀. Tó bá fi máa di sáà tó ń bọ̀ tẹ́ ẹ ṣì ń dúró lórí àtẹ̀gùn báyìí, ẹ ó lọ sinmi nílé ná." Mo ní mo gbọ́, mà. Nílé, ìgbọ̀nwọ́ ọkọ mi tún ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ̀rù bà mí. Mo rò ó pé lọ́jọ́ tó bá sun oorun àsùnwọra, tí kò bá gún mi ńkọ́?

Lọ́jọ́ Sátidé, mo gba ọ̀nà Sángo lọ sí Ìfọ̀, sọ́dọ̀ màmá mi. Nínú pálọ̀ màámi, àga bàbá mi ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ibi tí ọwọ́ ẹ̀ tó ṣiṣẹ́ máa ń gbá mú ti dán, ti apá kejì ṣì rí bí tuntun. Oògùn ìfúnpá ni bàbá mi ń lò. Wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀ lọ́jọ́ kan, wọ́n ní ó ti wálẹ̀ dáadáa, ó wá kó gbogbo oògùn sínú ọ̀rá, ó gbé e jù sórí ààtàn. Kò pẹ́ kò jìnnà, ó ṣubú nínú balùwẹ̀, apá kan ara ẹ̀ sì rọ. Orí àga yẹn ló wà títí tó fi kú, itọ́ ń dà lẹ́nu ẹ̀, ọkùnrin tí ohùn ẹ̀ ń dún dé ojú ọ̀nà tẹ́lẹ̀.

Mo ro gbogbo ẹjọ́ mi fún màámi, láti orí gáùn dé ojú fèrèsé kíṣìnì. Mo rò pé á ní kí n pẹ̀lẹ́. Kò ní kí n pẹ̀lẹ́.

"Kí ni ọkọ ẹ wí sí i?"

"Ó ní ó ti tó."

Ó wo àga yẹn. "Ohun tí bàbá ẹ náà wí nìyẹn. Ó ti tó. Èmi ni mo wá ń fi ṣíbí bọ́ ọ. Ta ni yóò bọ́ ìwọ? Ọkọ ẹ tó ń wọ aṣọ ẹ jó?"

Mo gba àjọ mi lóṣù yẹn, mo sì padà sọ́dọ̀ dókítà. Kò bá mi jà. Ó ní a máa tún un bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó kéré jù, nítorí ara ti gbàgbé ẹ̀. Mo tún bì, mo tún fara dà á. Lọ́tẹ̀ yìí, mo fi abẹ́rẹ́ náà sínú ike àìsìkiriìmù kan tó ti ṣófo, mo wé e sí ọ̀rá, mo fi ewúro tí mo fọ̀ bò ó lórí. Nínú ilé wa, èmi nìkan ló ń jẹ ewúro, omi nìkan sì ni ọkọ mi mọ̀ nínú fíríìjì, kò ṣí ike rí láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ. Lówùúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, màá ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀, màá gún ara mi bí olè, nínú ilé tí mo ti ń sanwó iná. Bí mo bá ń ṣe é, mo máa ń bú wọn lábẹ́ èémí, ọkọ, ìyá ọkọ, gbogbo wọn.

Ohùn náà tún dákẹ́. Sáà tuntun wọlé, mo gun àtẹ̀gùn, iṣẹ́ mi kò bọ́. Ọkọ mi ń wò mí tẹ̀ríntẹ̀rín. "O ò rí i? Àdúrà ti gbà!"

Lọ́jọ́ Sátidé tó ṣáájú ìdúpẹ́, mo wọ yàrá, mo bá a tó ń lọ aṣọ. Gáùn aláwọ̀ ewé ni. Ọkùnrin tí kò lọ ìró fún mi rí, ó ń fi omi wọ́n gáùn yẹn, ó ń lọ apá ẹ̀ gúngún, ó wá ká a pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sínú ọ̀rá dúdú. Nǹkan kan já nínú mi. Mo jáde, mo lọ rẹ ẹ̀wà.

Lọ́jọ́ kejì, kó tó dìde pẹ̀lú ọ̀rá ẹ̀, mo ti wà níwájú. Mo ní mo fẹ́ jẹ́rìí. Wọ́n fún mi ní makirofóònù tayọ̀tayọ̀. Mo gbé ike àìsìkiriìmù jáde nínú báàgì mi, mo ṣí i, mo fa abẹ́rẹ́ náà yọ sókè. Ewúro ṣì lẹ̀ mọ́ ọ̀rá ẹ̀.

"Ẹ̀yin ará, mo mú àmì tèmi wá. Abẹ́rẹ́ ni. Ọjọ́bọ̀ ni mo ń gún un. Òun ni mò ń gún nígbà tí ọkọ mi kọ́kọ́ jẹ́rìí, ó sì mọ̀. Nígbà tí mo dá a dúró, gbogbo yín lẹ rí mi. Mo ti padà sí i. Mo lè máa gún un títí màá fi kú, ọpẹ́ sì ni fún Ọlọ́run."

Kò sẹ́ni tó ṣe àmín. Akọrin kan dá orin sílẹ̀ kíákíá, wọ́n fi ìlù bò mí mọ́lẹ̀. Ẹni tó gba makirofóònù lọ́wọ́ mi ni ẹni tó bá ọkọ mi wọnú gáùn lọ́jọ́sí. Kò lè wò mí lójú. Ìyá ọkọ mi ti mú ọ̀pá ẹ̀, ó ń jáde lọ.

Nílé, gbólóhùn kan péré ni ọkọ mi sọ. "O ti ba ẹ̀rí mi jẹ́." Ẹ̀rí mi! Ara mi ni, èémí mi ni, orúnkún mi ni, ẹ̀rí tiẹ̀ ni. Wọ́n ti ní kó fi ipò olórí sílẹ̀ ná kó lọ sinmi. A ò bára wa sọ̀rọ̀ mọ́ àfi ti epo jẹnẹrétọ̀ àti owó iyọ̀. Mo ti kó abẹ́rẹ́ mi kúrò nínú ike, ara ilẹ̀kùn fíríìjì ló wà báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi ẹ̀, níbi tó ti máa rí i nígbàkúùgbà tí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́.

Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí ìyá ọkọ mi pè mí. Mo ti múra ìjà sílẹ̀ kí n tó gbé fóònù. Ohùn ẹ̀ rọ̀. Ó béèrè àlàáfíà ilé. Ó béèrè iṣẹ́. Ó sọ̀rọ̀ orúnkún ẹ̀, pé láti yàrá dé ilé ìgbẹ́ ti di ìrìn àjò.

"Ìyàwó mi, abẹ́rẹ́ yẹn... ṣé wọ́n máa ń fún àgbàlagbà náà?"

Kíṣìnì ni mo wà, mo dojú kọ fèrèsé yẹn gan-an. Ó wà lẹ́nu mi pé kí n ní, ẹ lọ gba ààwẹ̀, mà. Mo gbé e mì. Mo sọ ọ̀nà ọ̀dọ̀ dókítà fún un, mo ní kó jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa ná, mo sì ní tí wọ́n bá fún un, kì í ṣe ohun tí à ń lò tán o.

"Mo gbọ́," ó ní. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni pé ẹnì kan wà lẹ́yìn ẹ̀. "Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ọkọ ẹ gbọ́ o. O ṣáà mọ̀ ọ́n. Kò ní pẹ́ gbé bùbá mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì."